Bí A Ṣe Ń Ṣe Bọ́dì Tuntun fún Ọkọ̀ Ìṣeré Oníke

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í ni ni lára. Òwe yìí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ, èyí nì ni bí a ṣe ń gé, tí a ń tún, tí a sì ń fi ọwọ́ ara ẹni ṣe bọ́dì tuntun fún ọkọ̀ ìṣeré oníke. Bí ojú bá ń kán ọ, ìṣẹ́jú kan ni o lè fi ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́.

Ọkọ̀ tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí ọmọdé ń so okùn mọ́ tí ó ń wọ́ kiri àdúgbò. Ọkọ̀ àtòpọ̀ ni. Inú páálí ni wọ́n ń kó o sí ní wẹ́wẹ́: táyà lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni a ń pè ní kíìtì. Lára àwọn ilé-iṣẹ́ tí òkìkí wọn kàn nídìí rẹ̀ ni Airfix, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, Tamiya ti ìlú Shizuoka ní Japáànì, àti AMT ti Amẹ́ríkà. Ní 1958, AMT gbé kíìtì jáde tí ẹni tí ó rà á lè tò ní ọ̀nà mẹ́ta: bí ọkọ̀ ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, bí ọkọ̀ tí a ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tàbí bí ọkọ̀ eré ìje. Èyí fi hàn pé kò pọn dandan kí gbogbo ọkọ̀ inú páálí jọ ara wọn.

O lè béèrè pé kí ni ó dé tí ènìyàn yóò fi gé ohun tí ó fi owó rẹ̀ rà. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí ó wà lọ́kàn rẹ lè má sí nínú páálí. Jẹ́ kí a fi bọ́lẹ̀kájà ṣe àpẹẹrẹ. Láyé ọjọ́sí, ṣásí àti ẹ́ńjìnnì lọ́rí bíi Bedford ni ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Àwọn káfíńtà wa ni wọ́n ń fi pákó kan bọ́dì lé e, tí wọ́n ń to bẹ́ǹṣì sí inú rẹ̀. Àwọn èrò a kọjú sí ara wọn, orúnkún a máa gbá orúnkún, ìjà kì í sì í jìnnà. Ibẹ̀ ni orúkọ ọkọ̀ náà ti wá. Lónìí, bọ́lẹ̀kájà ti kógbá wọlé. Bí o bá ṣe bọ́dì rẹ̀ lé kíìtì lọ́rí, iṣẹ́ àwọn káfíńtà wọ̀nyẹn ni o ń tún ṣe ní kékeré, o sì ń fi ojú ohun tí ó ti lọ han àwọn ọmọ tí kò bá a.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Kí o tó mú ọ̀bẹ, mú rúlà. Bí a bá kọ 1:24 sára páálí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ̀ǹtímítà 24 lára ọkọ̀ gidi di sẹ̀ǹtímítà 1 lára tìrẹ. Bọ́dì tí ó gùn ní mítà 4.8 yóò di sẹ̀ǹtímítà 20; bẹ́ǹṣì tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 48 yóò di 2; pákó tí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2.4 yóò di mìlímítà 1. Kọ́kọ́ fi páálí lásán gé bọ́dì náà, kí o gbé e lé ṣásí wò. Páálí tí ó bàjẹ́ kò dun ni bí ike tí ó bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni gígé. Ike pẹlẹbẹ tí ó nípọn ní mìlímítà 1 ni kí o lò fún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Má ṣe gé e já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fi rúlà onírin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fa ọ̀bẹ lójú ìlà náà ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí o wá rọra ṣẹ́ ẹ. Yóò dá geere. Fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fa ìlà sí i láti fi ibi tí pákó ti pàdé pákó hàn.

Òrùlé tí ó tẹ̀ kọrọdọ ń fẹ́ ọgbọ́n. Mú ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, so ó mọ́ ara ìgò tí ó nípọn, da omi gbígbóná lé e, kí o sì jẹ́ kí ó tutù kí o tó tú u. Yóò tẹ̀ bí ìgò náà ṣe tẹ̀.

Gọ́ọ̀mù tí a ń lò kì í mú ike bí ẹ̀kọ ṣe ń mú bébà. Ṣe ni ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Nítorí náà, díẹ̀ ni kí o fi sí i. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò jẹ ike náà. Jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì kí o tó tún fọwọ́ kàn án.

Bí àlàfo bá wà, fi pọ́tì dí i ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí pọ́tì a máa sún kì bí ó bá ń gbẹ. Fi sáńpépà 400 ha á, kí o fi 600 tẹ̀ lé e, kí o sì máa fi omi sí i kí eruku má baà fẹ́. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú ni kí o kọ́kọ́ kùn. Ọ̀dà yìí kì í bo àṣìṣe; ńṣe ni ó ń tú àṣírí rẹ̀. Bí o bá rí àléébù, padà sídìí pọ́tì. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ sáré kun ọ̀dà aláràbarà, àléébù ni ó kùn ní ọ̀dà.

Má gbàgbé ààbò ara rẹ. Má ṣe kọ ojú ọ̀bẹ sí ọwọ́ tí o fi di ike mú. Ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí o bá ń lo gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà, nítorí òórùn wọn kò dára fún ara.

Ní ìparí, bọ́dì tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe lè má dán tó ti ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kan bá gbé e lọ́wọ́, tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó ní, “Irú ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sọ́jà nìyí,” o ti jẹ èrè iṣẹ́ rẹ.