Hóró Inú Fèrè Kọ́ Ló Ń Dún

Ọdẹ kan láti Agbówá kọ̀wé sí mi pé ọ̀yà ń gbọ́ òun kí òun tó rí i. Ó ti pààrọ̀ bàtà, ó ti fi aṣọ wé àdá, síbẹ̀ àwọn ẹran tó yẹ kó ti dé ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ń sá lọ níṣojú rẹ̀. Ìgbà tí mo ka lẹ́tà náà dé ìsàlẹ̀ ni mo rí ibi tí ọ̀ràn wà: fèrè tó fi ń pe ajá, irú oníhóró tí rẹfirí máa ń fọn, ló so kọ́ ọrùn. Ẹsẹ̀ kan tó bá gbé, hóró á gbá ara fèrè kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Lẹ́tà kejì wá láti Odògúnyàn ní Ìkòròdú, lọ́wọ́ ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Ó ní fèrè tòun kì í dákẹ́ tí òun bá ń rìn, àmọ́ tí òun bá fọn ọ́n, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀yin méjèèjì, àrìnpa o. Àìsàn kan náà ló ń ṣe fèrè yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé hóró kọ́ ló ń dún. Àìmọ̀ yìí làwọn kan tó ń tún fèrè ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà fi ń jẹun. Wọ́n á ní hóró ti kú, wọ́n á gbowó, wọ́n á sì ju ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀wà gbígbẹ sínú rẹ̀. Ẹ̀wà! Ohun tí itọ́ á rin, tí á wú, tí á há síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Ẹ wo fèrè náà dáadáa. Ihò tí èémí ń gbà wọlé tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà èémí tó bá gba ibẹ̀ á jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojú kan là sílẹ̀ lókè fèrè, etí ojú náà sì mú. Etí mímú yìí ni èémí ń lọ kọlù. Bó bá ti yà wọ inú, á ki afẹ́fẹ́ tó wà ní ikùn fèrè mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a kì mọ́lẹ̀ kò ní gbà, á tì í padà síta. Bó ti bọ́ síta ni ikùn tún dẹ̀, èémí á tún yà wọlé. Wọlé-jáde yìí lè ṣẹlẹ̀ nígbà 2,000 sí 4,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun gan-an sì ni ìró. Ẹni tó bá ti fẹ́ atẹ́gùn kọjá lẹ́nu ìgò mínírà rí ti ṣe irú rẹ̀, kò sì sí hóró kankan nínú ìgò.

Kí wá ni iṣẹ́ hóró? Èémí tó wọlé ń yí po, ó sì ń gbé hóró yí po. Bí hóró bá ti ń kọjá lójú fèrè, á dí i díẹ̀, ìró á já, á tún sọ. Fìrìrìrì tí ẹ ń gbọ́ yẹn nìkan ni tirẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, fèrè á ṣì dún, gbọọrọ, láìgbọ̀n. Joseph Hudson ará Birmingham, tó ṣe fèrè oníhóró Acme Thunderer ní 1884, ti kọ́kọ́ ṣe fèrè fún ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ní 1883 láìfi hóró sí i. Ọ̀pá méjì ló so pọ̀, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ díẹ̀, ìró méjèèjì á sì máa bára wọn jà. Ní 1987, Ron Foxcroft, rẹfirí bọ́ọ̀lù aláwọ̀n ní Kánádà, gbé Fox 40 jáde. Ikùn mẹ́ta ni ìyẹn ní, kò ní hóró, torí hóró ti há mọ́ ọn nínú fèrè rí lórí pápá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Odògúnyàn ṣe ń há. Ẹ̀yin tó ń fọn fèrè bí ẹni pé ilé ń jó, ẹ̀ ń fi agbára èémí lẹ hóró mọ́ ojú ihò ni. Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń ṣe òmíràn á tún mu itọ́. Mo sì bẹ̀ yín, kí ni gàrí ń wá nínú fèrè? Àpò tí ẹ kó gàrí sí náà lẹ kó fèrè sí. Látìgbà wàhálà àwọn apààyàn Badoo ní 2016 àti 2017, ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń ṣọ́ àdúgbò ní Ìkòròdú mọ̀ pé fèrè kì í ṣe ohun ìṣeré. Àwọn kan ń ki òwú bọ ojú rẹ̀ kó má baà dún lọ́nà. Òwú yẹn náà ni wọ́n á fọn lọ́jọ́ tí olè bá dé.

Ẹni tó bá fẹ́ rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó ra èyí tí kò ní hóró, tàbí kó padà sí fèrè oníwo. Kò sí ohun tó ń yí nínú ìwo, ìró rẹ̀ tó nípọn sì ń la igbó kọjá ju ìró tín-ín-rín lọ. Ewé àti afẹ́fẹ́ tètè ń jẹ ìró tín-ín-rín. Ẹ má sì ra fèrè tí wọ́n ní ajá nìkan ló ń gbọ́ ọ. Irú tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Francis Galton ṣe ní 1876 ni. Lóòótọ́, ajá ń gbọ́ ìró tó ga tó wọlé-jáde 45,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, níbi tí etí tiwa ti dúró sí 20,000. Àmọ́ eku ilé lásán ń gbọ́ ju ajá lọ. Ta ló wá sọ fún yín pé ẹran ìgbẹ́ dití?

Bàbá ọdẹ Agbówá, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé bí ẹ bá ti la ikùn ẹran tán lẹ máa ń fọn fèrè kó ajá jọ. Ọwọ́ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ẹran ìgbẹ́ lẹ fi ń ki fèrè sẹ́nu! Ẹ gbé omi àti ọṣẹ dání. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní fèrè yín. Okùn náílọ́ọ̀nù tó yi tí ẹ fi so ó mọ́ ọrùn, ẹ já a kúrò lónìí, torí ẹ̀ka kan á fi okùn yẹn fún yín lọ́rùn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sáré tẹ̀lé ajá. Òwú tó lè já ni kí ẹ fi so ó mọ́ àpò àyà gbérí. Hóró tí ẹ bá sì yọ, ẹ má jù ú sílẹ̀ fún ọmọdé láti gbé mì.

Ẹ̀yin ti Odògúnyàn, tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ gbọ̀n ọ́n létí kí ẹ tó sanwó. Bó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ẹ dá a padà. Bẹ́ni tó ń tà á bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í búra pé ó máa ń dákẹ́ tó bá pẹ́ lọ́wọ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi rìn yí ọjà po.