Oògùn Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ebi Pani

Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ gbọ́. Obìnrin kan wọ dìsípẹ́ńsárì wa ní Maryland, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ebi pani ló rà lọ́wọ́ alátẹ, kí ó lè dín sísanra kù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru. Kíá ni mo fi í ránṣẹ́ sí dókítà.

Ní 2010 ni wọ́n yọ sibutramine, ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà, nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Dókítà ni kí ó kọ ọ́ fún yín, lẹ́yìn tí ó bá ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Aboyún, ẹ má lò ó rárá. Oògùn kì í dá a ṣe: ẹ dín ẹ̀bà alẹ́ kù, ẹ sì máa fẹsẹ̀ rìn.