Bí Wíńdò Bá Tóbi Ju Ojú Kọ̀ǹpútà Lọ

Ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé ń rò fún mi: ẹ ṣí Chrome, wíńdò rẹ̀ tóbi ju ojú kọ̀ǹpútà lọ, etí òkè rẹ̀ tí à ń dì mú fi wọ́ ọ ti rá mọ́ yín lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl mọ́ àmì ìyọkúrò léraléra títí lẹ́tà ò fi ṣeé kà mọ́. Wíńdò ò sún.

Kò lè sún. Ohun tó wà nínú wíńdò nìkan ni bọ́tìnnì yẹn ń dín kù. Ẹni tó kó ẹrù kúrò nínú yàrá kò tíì sún ògiri. Ẹ tẹ Ctrl mọ́ 0, kí lẹ́tà padà sí ìwọ̀n rẹ̀.

Ibòmíràn ni ìwọ̀n wíńdò wà. Chrome máa ń kọ ibi tí wíńdò wà àti bó ṣe fẹ̀ tó sínú fáìlì kan, kó lè ṣí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ká ní ẹ so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ sikirínì ńlá oní-1920 × 1080 ní ọ́fíìsì, tí ojú láàpútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 1366 × 768. Bí ẹ bá yọ ọ́ délé, ìwọ̀n ti ọ́fíìsì lè tẹ̀ lé yín. Bí Windows bá tún ti mú ohun gbogbo tóbi sí 125%, àyè tó ṣẹ́ kù kò ju nǹkan bí 1093 × 614 lọ.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows mọ́ ọfà òkè. Wíńdò á kún ojú kọ̀ǹpútà gẹ́lẹ́. Bó bá kọ̀, ẹ tẹ Alt mọ́ spacebar, lẹ́yìn náà M, kí ẹ fi ọfà ìsàlẹ̀ wọ́ ọ wálẹ̀. Ẹ dín in kù kí ẹ tó pa á, torí ìwọ̀n tuntun yẹn ni yóò kọ sílẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń yọ Chrome kúrò, tí wọ́n ń dá a padà, tí wọ́n sì ń gbowó. Fáìlì yẹn kì í bá a lọ àfi tí wọ́n bá pa dátà yín rẹ́, nítorí náà àrùn ọ̀hún á padà wá. Àwọn kan tilẹ̀ ń fọ́màátì kọ̀ǹpútà nítorí wíńdò kan ṣoṣo! Fọ́tò àti iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún á ṣòfò. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ ra sikirínì tuntun, ẹ ní kó ṣí ètò mìíràn lójú yín. Bí ìyẹn bá wọ ojú kọ̀ǹpútà dáadáa, sikirínì yín ò bàjẹ́. Ẹ gba kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ máa lọ.