Nígbà tí Olùṣọ́ Bá Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ará Ilé

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ti fi olùṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọn, kí àwọn ọmọ má baà bá àwòrán ìṣekúṣe pàdé, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ náà a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun rere nígbà mìíràn, ẹni tí a sì tì í mọ́ kì í sábà sọ.

Olúkúlùkù ìkànnì ní orúkọ tí ènìyàn ń pè é, ó sì ní nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. DNS, tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983, ni akọ̀wé tí ń yí orúkọ padà sí nọ́ńbà. Fóònù a bi í pé, “Níbo ni ilé lágbájá wà?” òun a sì dáhùn. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wá gbé irú akọ̀wé tí í ṣe olùṣọ́ kalẹ̀: bí a bá bi í ní orúkọ ilé búburú, kì í fi ọ̀nà hàn. OpenDNS, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ní ọ̀kan tí à ń pè ní FamilyShield, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 208.67.222.123 àti 208.67.220.123, Cloudflare sì gbé 1.1.1.3 jáde ní ọdún 2020. Bàbá ilé a kọ nọ́ńbà wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan sínú ráútà, èyí tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, gbogbo fóònù ibẹ̀ a sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Olùṣọ́ yìí kì í ka ìwé tí ó wà nínú ilé. Orúkọ tí ó wà lára ògiri nìkan ni ó ń wò, tí ó sì ń fi í wé àkọsílẹ̀ tí a fún un. Bí àwọn tí ó kọ àkọsílẹ̀ náà bá ka ìkànnì tí ń kọ́ni nípa jẹjẹrẹ ọmú tàbí ìbímọ mọ́ ti ìṣekúṣe, gbogbo rẹ̀ di títì. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ kan kókó líle nínú ọmú rẹ̀ ní òru, tí ó fẹ́ ka díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Tàbí ti ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dùn ún ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá rí i pé a ti dí ọ̀nà, yóò rò pé ohun ìtìjú ni òun fẹ́ ṣe, yóò sì pa ẹnu mọ́. Bàbá kò ní gbọ́ rárá. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí a bá fi olùṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà gan-an, kí a wí fún gbogbo ará ilé pé ẹni tí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ kò dẹ́ṣẹ̀. Kí ó wá sọ.

Bí ó bá ti sọ, ẹ wádìí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ pa Wi-Fi fóònù náà, kí ẹ fi dátà tirẹ̀ ṣí ìkànnì kan náà. Bí ó bá ṣí, nínú ilé ni ọ̀ràn wà. Bí kò bá ṣí níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ó lè jẹ́ pé ìkànnì náà fúnra rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́, tàbí pé àwọn tí ń ta dátà ni ó dí i, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí wọ́n ti Twitter, láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022.

Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà lè rí i dájú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún un, kí ó kọ nslookup àti orúkọ ìkànnì náà. Lẹ́yìn náà kí ó tún un kọ, kí ó fi 1.1.1.1, tí kì í ṣe olùṣọ́, sí ìparí. Bí ti ilé bá dáhùn pé 0.0.0.0, gẹ́gẹ́ bí ìṣe 1.1.1.3, tí èkejì sì mú nọ́ńbà gidi wá, ọwọ́ ti ba olùṣọ́. Kí nọ́ńbà méjì kàn yàtọ̀ síra kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ìkànnì ńlá a máa ní ju ilé kan lọ.

Àwọn mìíràn a bínú, wọ́n a sì yọ olùṣọ́ kúrò pátápátá. Èmi kò fara mọ́ èyí nínú ilé tí ọmọdé wà. Òtítọ́ ni pé FamilyShield àti 1.1.1.3 kò ní ibi tí bàbá ilé ti lè ya orúkọ kan sọ́tọ̀. A ní láti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n tún ìkànnì náà yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n OpenDNS Home gba ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ láyè láti kọ orúkọ ìkànnì tí a kò gbọdọ̀ dí. Nọ́ńbà ìlà ilé yín ni ó fi ń dá yín mọ̀. Bí ẹni tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín bá yí i padà, ètò yín kò ní bá yín lọ àfi bí ẹ bá fi nọ́ńbà tuntun hàn án. Kí àwọn tí ń lo MiFi kíyèsára, nítorí ilé púpọ̀ lè máa pín nọ́ńbà kan ṣoṣo lò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí orúkọ náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ pa fóònù kí ẹ sì tún tàn án, nítorí ìdáhùn àtijọ́ a máa wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó bá ṣí, ẹ dá fóònù padà fún ẹni tí ó ni ín, kí ó lọ kà á ní ìdákẹ́jẹ́.