Ṣé o mọ̀? Alumíníọ̀mù ń tàn lójú ọ̀run

Páànù òrùlé ní Ìkòtún, férémù fèrèsé ní Ẹ̀gbẹ́dá, ìkòkò ọbẹ̀ ní Ìgándò: alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yà rẹ̀ kan, alumíníọ̀mù-26, wà káàkiri láàárín àwọn ìràwọ̀. Láàárín nǹkan bí 717,000 ọdún, ìdajì rẹ̀ á ti di magnésíọ̀mù. Bó ṣe ń yí padà ló ń tú ìtànṣán gámà jáde.

• Ojú wa ò lè rí ìtànṣán yìí, afẹ́fẹ́ ayé kì í sì í jẹ́ kó délẹ̀. HEAO-3, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó gbéra lọ́dún 1979, ló kọ́kọ́ rí i.

• Sátẹ́láìtì INTEGRAL ti ilẹ̀ Yúróòpù gbéra lọ́dún 2002. Ìwádìí tí wọ́n fi ṣe lórí ìtànṣán yìí, tó jáde lọ́dún 2006, fi hàn pé ìràwọ̀ ńlá bíi méjì, irú èyí tó ń rọ alumíníọ̀mù-26, ló ń bú gbàmù nínú Milky Way, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọ̀ọ̀kan.

• Milky Way ti lo ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún. Alumíníọ̀mù-26 àtijọ́ ti tán. Èyí tá à ń rí báyìí, àwọn ìràwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ ni.

• Má bẹ̀rù ìkòkò rẹ: alumíníọ̀mù-27 ni tiẹ̀, kì í tú ìtànṣán kankan jáde.