Ìgbéléwọ̀n Àgbọ́yé Èdè Lọ́dọ̀ Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà: Àwọn Ìpèníjà Tó Rọ̀ Mọ́ Ọn

Ìfáárà

Olùkọ́ èdè kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń há ìwé sórí. Bí a bá fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní àyọkà àkàyé, yóò wá gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè ti jẹyọ, yóò dà á kọ, yóò sì gba máàkì, bẹ́ẹ̀ ohun tí àyọkà náà ń sọ kò yé e rárá. Ìṣòro yìí gan-an ló ń kojú àwọn onímọ̀ tó ń ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí yóò gbọ́ èdè ènìyàn. Ẹ̀rọ ń dáhùn. Ṣé ìbéèrè náà yé e? Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé àwọn ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ti gbà gbé àgbọ́yé ẹ̀rọ léwọ̀n, ibi tí àwọn ọ̀nà náà kù sí, àti ohun tí ọ̀rọ̀ náà já mọ́ fún èdè Yorùbá.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀rọ̀

Ní ọdún 1950, Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá ìdánwò kan. Adájọ́ yóò máa kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí ènìyàn kan àti ẹ̀rọ kan tí kò fojú rí. Bí kò bá lè sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rọ nínú àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ náà yege.

Ní ọdún 1966, Joseph Weizenbaum, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ jáde lórí ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní ELIZA. Ètò náà a máa mú ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, a sì sọ ọ́ di ìbéèrè padà fún un. Kò ní ìmọ̀ kankan nípa ayé, síbẹ̀ àwọn kan ń tú ọkàn wọn jáde fún un. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó dán lẹ́nu lè tan adájọ́ jẹ. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ìdánwò Arọ́pò-Orúkọ

Nítorí ìtànjẹ yìí, Hector Levesque, Ernest Davis àti Leora Morgenstern gbé ìdánwò mìíràn kalẹ̀ ní ọdún 2012. Orúkọ Terry Winograd, onímọ̀ tó kọ́kọ́ lo irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1972, ni wọ́n fi pe ìdánwò náà. Ẹ wo gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) Ìkòkò náà kò wọ inú àpótí náà nítorí pé ó tóbi jù.
(2) Ìkòkò náà kò wọ inú àpótí náà nítorí pé ó kéré jù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ṣùgbọ́n "ó" inú (1) ń tọ́ka sí ìkòkò, ti inú (2) sì ń tọ́ka sí àpótí. Gírámà kò lè ya wọ́n sọ́tọ̀. Ìmọ̀ nípa ìkòkò àti àpótí ló lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n fi ìdánwò yìí díje ní New York ní ọdún 2016, ẹ̀rọ tó ṣe dáadáa jù gba nǹkan bí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹni tó ń méfò lọ. Ní ọdún 2019, àwọn ẹ̀rọ ti ń gba ìdá 90. Síbẹ̀, Davis àti Morgenstern wà lára àwọn tó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé yíyege ìdánwò náà kò tíì fi hàn pé ẹ̀rọ ní òye ojoojúmọ́ bíi ti ènìyàn. Kí ló fa èyí?

Ọ̀nà Ẹ̀bùrú

Ìdáhùn kan wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àkójọ SNLI, tí àwọn onímọ̀ Stanford gbé jáde ní ọdún 2015. Nǹkan bí 570,000 gbólóhùn oníméjì-méjì ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti sọ bóyá gbólóhùn kejì jẹ́ òtítọ́ ní ìbámu pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, bóyá ó tako ó, tàbí bóyá a kò lè sọ. Ní ọdún 2018, Suchin Gururangan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbólóhùn àkọ́kọ́ pamọ́ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ṣì gba nǹkan bí ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 33 péré ni ìméfò lè mú wá. Àwọn tó kọ gbólóhùn ìtakò ti lo ọ̀rọ̀ ìyísódì lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ̀rọ sì ti kọ́ ìwà àwọn tó ṣe ìbéèrè dípò ìtumọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé ìdáhùn tó gùn jù ni olùkọ́ òun máa ń fi ṣe èyí tó tọ̀nà kò yàtọ̀ sí i.

Ìpèníjà mìíràn ni ti ìbéèrè tó ti lu síta. Ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ẹ̀rọ ńlá òde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè àti ìdáhùn ìdánwò wà. Máàkì gíga lè jẹ́ ti òye. Ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó ti rí ìbéèrè ṣáájú ọjọ́ ìdánwò.

Ti Èdè Yorùbá

Èdè Yorùbá wà nínú àkójọ IrokoBench tó jáde ní ọdún 2024, níbi tí àwọn ènìyàn ti túmọ̀ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀pọ̀ èdè ilẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ nìkan kò lè tó, fún ìdí mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni arọ́pò-orúkọ. Nínú "Adé sọ fún Òjó pé òun ti yege", Adé ló yege. Bí a bá fi "ó" rọ́pò "òun", ẹlòmíràn ni. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìyàtọ̀ yìí, nítorí náà ìbéèrè tó le ní Gẹ̀ẹ́sì lè di aláìní-ìṣòro ní Yorùbá. Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Nínú "Bàbá àgbà bá àwọn ọmọ ṣeré títí ó fi rẹ̀ wọ́n", pónna wà nínú "wọ́n", nítorí ó lè jẹ́ ti ọ̀wọ̀ tàbí ti ọ̀pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìṣòro yìí.

Èkejì ni àmì. Bí olùṣèbéèrè bá kọ "o ra oko tuntun" láìfi àmì sí i, oko, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ ló wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kùnà, ta ni ó jẹ̀bi: ẹ̀rọ tàbí ẹni tó kọ ìbéèrè?

Ẹ̀kẹta ni àkànlò èdè. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé bí Adé bá fi àáké kọ́rí, Adé kọ̀ jálẹ̀ ni. Kò sí àáké níbẹ̀. Ìdánwò tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà bi irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá fi ìdánwò tí kò péye sọ pé ẹ̀rọ kan gbọ́ Yorùbá, tí wọ́n sì wá fi ẹ̀rọ náà máàkì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tàbí tí wọ́n fi ń ṣàlàyé bí aláìsàn yóò ṣe lo oògùn, ẹni tí kò gbọ́ èdè mìíràn ni yóò jìyà àṣìṣe náà.

Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ló mọ bí a ti ń ṣe ìbéèrè àkàyé tí àkọ́sórí kò lè gbà. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ ìdánwò láti inú èdè náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àmì tó péye. Ó yẹ kí wọ́n máa yí ọ̀rọ̀ kan padà láti wò ó bóyá ìdáhùn yóò yí, kí wọ́n máa fi àyọkà pamọ́ láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ nílò rẹ̀, kí wọ́n sì fi àwọn ìbéèrè kan sílẹ̀ láìgbé wọn síta. Dípò máàkì kan ṣoṣo, kí wọ́n sọ ibi tí ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n àti ibi tí kò ti mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rere ti ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.