Ogun ò pa á, akọ̀wé ló gbàgbé rẹ̀: Ọdún 97 kí ìwé Henry Johnson tó tọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí. Sójà kan wà tí ọ̀tá dá ọgbẹ́ 21 sí lára lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ogun parí, wọ́n fún un níwèé pé iṣẹ́ ti tán, kó máa lọ sílé. Ọgbẹ́ mélòó ni wọ́n kọ sínú ìwé náà? Òdo! Kò sí ẹyọ kan. Lójú ayé, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti bàjẹ́. Lójú ìwé, ara rẹ̀ dá ṣáká.

Henry Johnson ni orúkọ sójà yìí, ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 1918 ló ja ìjà náà. Ọdún 2015 ni ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ. Ọdún 97 gbáko! Ẹni tí wọ́n ń bọlá fún sì ti kú láti ọdún 86 sẹ́yìn.

Kí ló fà á? Àwọ̀ ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé yìí la fẹ́ sọ lónìí, nítorí ó kan ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá tó ti wọ kákí rí, ìbáà jẹ́ nílé, ìbáà jẹ́ lókè òkun.

ÒRU ỌJỌ́ NÁÀ

Kí Johnson tó di sójà, ó ń bá àwọn èrò gbẹ́rù ní ibùdókọ̀ ojú irin ìlú Albany, ní ìpínlẹ̀ New York. Ọkùnrin kúkúrú ni, kò sì sanra. Ní oṣù Kẹfà 1917, ó wọṣẹ́ ológun. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi í sí jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú, òun ni wọ́n wá ń pè ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun 369. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ Faransé, àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà ò fẹ́ kí dúdú àti funfun jọ jagun pọ̀. Ni wọ́n bá kó wọn lé àwọn ọmọ ogun Faransé lọ́wọ́.

Lóru tó mọ́ ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 1918, Johnson àti ẹnì kejì rẹ̀, Needham Roberts, ń ṣọ́nà nínú igbó Argonne. Àfi bí àwọn sójà Jámánì ṣe ya bò wọ́n. Wọn ò dín ní 12. Roberts farapa gidi, àwọn Jámánì sì fẹ́ gbé e lọ láàyè. Johnson ní kò ní ṣẹlẹ̀! Ó ju bọ́ǹbù ọwọ́ títí tó fi tán. Ó yìnbọn, ìbọn kọṣẹ́. Ó yí ìbọn náà padà, ó ń fi ìdí rẹ̀ lu ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Nígbà tí ìyẹn náà ò ṣe é lò mọ́, ó fa ọ̀bẹ gígùn yọ. Ó ń gba ọta, ó ń gba ọ̀bẹ, kò sì yẹsẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀tá bẹ́sẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò rí Roberts gbé lọ.

Faransé ò jẹ́ kó pẹ́ rárá. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní Croix de Guerre, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ oníwúrà kún ti Johnson. Amẹ́ríkà ńkọ́? Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ polówó sítáǹpù tí wọ́n fi ń kówó ogun jọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì 1919, wọ́n gbé e sínú mọ́tò láàárín ìgboro New York, gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Àmọ́ mẹ́dàlì tiwọn? Wọn ò fún un ní kóbọ̀ nínú ẹ̀.

ÌWÉ TÍ Ò SỌ ÒTÍTỌ́

Ariwo ọjà tán, ó ku Johnson àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Irin ni wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ró. Báwo ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí báyìí yóò ṣe máa sáré gbé àpótí èrò ní ibùdókọ̀ ojú irin? Kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ mọ́.

Ẹ sì mọ̀ pé nínú iṣẹ́ ìjọba, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń wò. Sójà lè ká aṣọ sókè kó fi àpá hàn, akọ̀wé á ní, "Ọ̀gá, kò sí níbí." Ní 1927, àjọ tó ń tọ́jú àwọn sójà tó fẹ̀yìn tì gbà pé Johnson ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n sì ń fún un lówó oṣooṣù. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ pé ó ṣe é: ikọ́ fée! Wọn ò dárúkọ ọgbẹ́ ogun. Oṣù Keje 1929 ló kú. Kò tíì pé ẹni 40 ọdún.

Kódà ibojì rẹ̀ ò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìwé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ ni pé ibi tí wọ́n ń sin tálákà sí ní Albany ló wà. Nígbà tó di 2002, wọ́n kéde pé àwọn ti rí i: itẹ́ òkú àwọn ológun ní Arlington ni wọ́n sin ín sí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìwé ibẹ̀ ti ń sọ ọ́ láti 1929, kò kàn sẹ́ni tó lọ wò ó ni.

BÍ WỌ́N ṢE TÚN UN ṢE

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Johnson ju ogún ọdún lọ dáadáa. Ní 1996, wọ́n fún un ní Purple Heart, mẹ́dàlì ẹni tó farapa lójú ogun. Ìgbà yẹn ni ìjọba tó gbà lójú ìwé pé ọgbẹ́ wà lára rẹ̀. Ní 2002, wọ́n fún un ní mẹ́dàlì tó tẹ̀ lé èyí tó ga jù lọ. Èyí tó ga jù lọ fúnra rẹ̀, Medal of Honor, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ẹ̀rí ò tó, pé àwọn ń fẹ́ ìwé tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Ibo lèèyàn ti máa rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún tó ti lé ní 80? Àfi bí òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì aṣòfin àgbà Charles Schumer ṣe rí i níbi tó ti ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pershing fúnra rẹ̀, olórí gbogbo ọmọ ogun Amẹ́ríkà nílẹ̀ Faransé, ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún 1918 gan-an, ó sì yin Johnson nínú rẹ̀. Ní 2011, wọ́n kó ìwé jọ, ojú ewé rẹ̀ lé ní 1,000, ó di ọ̀dọ̀ ìjọba.

Òfin ṣì dí ọ̀nà. Medal of Honor, wọn kì í fún èèyàn bó bá ti ju ọdún 5 lọ tí ó ja ìjà náà. Ilé aṣòfin ló gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà. Wọ́n ṣí i ní ìparí 2014. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 2015, Ààrẹ Obama kéde mẹ́dàlì náà.

Ẹ tún wá gbọ́ èyí o. Ìdílé kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún Johnson pé bàbá àwọn ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ológun tú ìwé ìdílé wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò pa wọ́n pọ̀. Bí ọ̀gá sójà kan láti ẹgbẹ́ ológun New York ṣe bá a gba mẹ́dàlì náà nìyẹn. Ó dùn wọ́n, a mọ̀. Síbẹ̀, àwọn tí ò ní ìbátan kankan pẹ̀lú rẹ̀ wà lára àwọn tó pariwo tí ayé fi gbọ́.

Ní 2023, wọ́n sọ bárékè ńlá kan ní Louisiana ní Fort Johnson. Ní 2025, wọ́n yọ orúkọ náà, wọ́n dá orúkọ Polk padà síbẹ̀. Pátákó ẹnu ọ̀nà ṣeé yọ lóòtítọ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ní 2015 ṣì wà níbẹ̀.

KÌ Í ṢE ÒUN NÌKAN

Nínú ogun Hítílà, kò sí aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan tó gba Medal of Honor nígbà tí ogun náà parí. Kò sí ẹyọ kan! Ní 1993, ilé iṣẹ́ ológun gbé iṣẹ́ fún àwọn onímọ̀ kan pé kí wọ́n tú ìwé wò. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1997, wọ́n fún ènìyàn 7. Vernon Baker nìkan ló ṣì wà láyé láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á.

Ní 1917, ní Houston, àwọn sójà dúdú kan fárígá nítorí ìyà tí àwọn ọlọ́pàá fi ń jẹ wọ́n. Wọ́n dá 110 lẹ́bi, wọ́n sì so 19 kọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ìgbìmọ̀ tó ń tún àkọsílẹ̀ sójà ṣe dámọ̀ràn pé ẹjọ́ náà ò tọ́. Wọ́n wọ́gi lé e, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ńṣe ni wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Nílé níbí ńkọ́? Àwọn sójà tó ja ogun Bìáfírà ní ìhà ọ̀hún, tí ìwé wọn sì sọ pé wọ́n lé wọn lẹ́nu iṣẹ́, ọdún 2000 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ tó pàṣẹ pé kí ó di ìfẹ̀yìntì. Ogun ti parí láti 1970. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà, "lílé" di "ìfẹ̀yìntì". Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà láàárín èèyàn àti pẹ́ńṣàn.

ILÉ ÌWÉ TÓ JÓNÁ

Àwọn kan á ní, "Ṣebí Amẹ́ríkà ni, ìwé ò lè sọnù níbẹ̀." Ẹ gbọ́ ná. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1973, iná sọ ní ilé tí wọ́n ń kó ìwé àwọn sójà pamọ́ sí nítòsí St. Louis. Fáìlì tó jóná tó mílíọ̀nù 16 sí 18. Nínú ìwé àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín 1912 sí 1960, bí a bá kó 10 jọ, 8 ló jóná. Wọn ò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí ìwé kékeré tí sójà fi sí ìsàlẹ̀ àpótí nílé fi lè níye lórí ju èyí tó wà lọ́wọ́ ìjọba lọ.

KÍ LẸ LÈ ṢE?

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ẹ sọ fún un kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀: ìwé tí wọ́n ń pè ní DD 214 ni ayé rẹ̀. Kó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó buwọ́ lù ú. Ṣé orúkọ rẹ̀ pé? Orúkọ Yorùbá gùn, akọ̀wé òyìnbó sì lè gé e, tàbí kó fi orúkọ bàbá síbi orúkọ ọmọ. Ṣé ọjọ́ tó wọṣẹ́ tọ̀nà? Ibi tó ti jagun ńkọ́? Mẹ́dàlì rẹ̀ ńkọ́?

Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù DD 149 ló máa kọ sí ìgbìmọ̀ tó ń tún àkọsílẹ̀ ṣe. Láti 1946 ni òfin ti là á kalẹ̀. Àwọn tí kì í ṣe sójà ló ń jókòó níbẹ̀. Wọn kì í gba owó, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ mú owó fọ́ọ̀mù wá, gbájú-ẹ̀ ni! Ọdún 3 ni wọ́n fúnni láti ọjọ́ téèyàn bá ti rí àṣìṣe náà, àmọ́ ìgbìmọ̀ lè gbójú fo ìyẹn bí wọ́n bá rí i pé ẹ̀tọ́ ló ń béèrè. Bí sójà bá ti kú, aya, ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ lè kọ ọ́.

Kì í ṣe ẹkún ni ìgbìmọ̀ ń gbọ́ o, ẹ̀rí ni. Ìwé ilé ìwòsàn, ìwé àṣẹ tí ọ̀gá kọ, lẹ́tà tó kọ sílé láti ojú ogun, fọ́tò, àti ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó búra pé ojú òun ló ṣe. Iṣẹ́ tí Pershing fi ránṣẹ́ ló gba Johnson sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí yín lè jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá yín tó wà ní àdúgbò kejì. Ẹ lọ bá a lónìí, nígbà tó ṣì rántí.

Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ sójà nílẹ̀ wa níbí náà, ẹ wolẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ṣí àpótí irin yẹn. Ẹ ní, "Bàbá, ibo lẹ ti jagun? Ta ni ọ̀gá yín? Ọdún wo?" Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ déètì sí i, ẹ jẹ́ kí bàbá buwọ́ lù ú. Henry Johnson ò rí ẹni ṣe é fún un nígbà ayé rẹ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé yín, ẹ kọ̀wé sí wa, ká jọ gbọ́ ọ.